Káàmù 228 àti káàmù 256: àkọsílẹ̀ Passat onítọ́bò kan ní Iléṣà

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Passat náà wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Iléṣà. Wọn ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí ọmọ iṣẹ́ mi fi yíjú sí mi pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú." Mo gbé ife omi kan lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, omi ń ta jáde lẹ́nu ife, ó ń ṣàn gba iwájú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn le. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí mi, a ti mọra tipẹ́. Iléṣà ni wọ́n ń gbé, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba Òṣú kọjá lọ, tí wọ́n tún ń gba ibẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Wọ́n ní, "Àbúrò, owó tí mo ná kí ọkọ̀ yìí lè túbọ̀ lágbára, òun náà ló sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ò lè gun òkè mọ́."

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nítorí pé mo ń rí àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ onítọ́bò, ìyẹn èyí tí èéfín rẹ̀ ń yí fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń tu owó jọ ra káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, láti òkè òkun, tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lára pépà oníṣòwò ni wọ́n fi ń yàn án. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló mú ẹ̀gbọ́n mi ṣìnà, èèyàn tó fara balẹ̀ sì ni wọ́n.

Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Àmì AEB ló wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin ni, 1,781 cc, fáàfù 20. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní fáàfù márùn-ún: mẹ́ta fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, méjì fún èéfín tó ń jáde. Tọ́bò K03 kékeré ló bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Agbára ẹṣin 150 ló ní nígbà tó bá ń yí ní 5,700 RPM, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà tó yẹ ká tẹjú mọ́ ni ti fífà: 210 Nm, ó sì ti ń fà á bẹ́ẹ̀ láti 1,750 RPM. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ kó máa fà láti ìsàlẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí Passat onítọ́bò fi máa ń gun òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bí ẹni pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá gba ohun yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba ìwà rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ káàmù? Kì í ṣe ìfẹ́ eré sísá nìkan. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó kò sì tètè ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì 1.8 onítọ́bò inú Passat yìí kì í gba ọ́ìlì púpọ̀, ooru tọ́bò sì ń sè é. Bí ó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, ọ́ìlì á di ọ̀dà, á dí ojú asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀, káàmù tó wà lókè pátápátá ni á sì kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ̀gbọ́n fi káàmù àtijọ́ náà hàn mí, inú búùtù ló wà. Ojú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí Olóde bá jà. Pípààrọ̀ rẹ̀ di dandan. Ibi tí wọ́n ti wá sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí a ó ti pààrọ̀ rẹ̀, kí a kúkú fi èyí tó lágbára jù ú lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Pépà méjì ni wọ́n rí, láti ọwọ́ oníṣòwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan kọ digíríì 228. Èkejì kọ 256. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé káàmù tó bá tóbi jù kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú èyí tó kéré." Wọ́n ra 228. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n bá wọn fi sí i. Mo tú iṣẹ́ yẹn wò, iṣẹ́ tó mọ́ ni, n ò rí àléébù kankan níbẹ̀.

Mo ní ká má tíì dá káàmù lẹ́bi. Ohun tó rọrùn la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, táímìn bẹ́ẹ̀tì ló ń yí káàmù èéfín níwájú, ṣéènì kékeré kan lẹ́yìn ni káàmù èéfín sì fi ń fa káàmù afẹ́fẹ́. Ẹyọ ṣéènì 16 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì ara káàmù méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ mi kà á, mo kà á, 16 ni. Àmì bẹ́ẹ̀tì wà níbi tó yẹ. A po ọṣẹ mọ́ omi, a fi kún gbogbo oríkèé páìpù tọ́bò, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ibì kan ṣoṣo ló hó, a fún un, ọkọ̀ ò tìtorí ìyẹn yí padà.

Lẹ́yìn náà la so géèjì fákúùmù, tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì báyìí tí ara rẹ̀ dá, tó bá jókòó ní síló, á fa ínṣì mẹ́kúrì 18 sí 20. Èyí ń fa 11, ọwọ́ géèjì náà ò sì dúró lójú kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ju gbígbọ̀n lọ. Fákúùmù yẹn ni háídírófáàkì ń lò láti bá ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì. Mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá bíréèkì ń le. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, pé ó dà bíi kí àwọn tẹ òkúta. Ìyàwó àti ọmọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ méjèèjì.

Kọ̀mpúréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, la wọ̀n tẹ̀ lé e. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàárín bar 8.8 sí 9.2. Ó lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ẹ kíyè sí dídọ́gba yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ríìnì ló jẹ tàbí pé fáàfù ló wọ́, ọ̀kan á burú ju èkejì lọ. Ohun tó bá kan gbogbo wọn lọ́gbọọgba, ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò ni. Káàmù ni gbogbo wọn jọ ń lò.

Káàmù ni onílù ẹ́ńjìnnì. Bó bá ṣe lù ni fáàfù ń jó. Irin gbọọrọ ni, tí wọ́n yọ ṣóńṣó bí ẹyin sí lára. Bó ṣe ń yí, ṣóńṣó yẹn á tẹ fáàfù sílẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Bó bá kọjá, sípíríǹgì á dá a padà. Bí ṣóńṣó náà bá sanra, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí pẹ́. Bó ṣe pẹ́ tó yẹn ni wọ́n ń fi digíríì kà, nípa bí kíráńkì, irin tí písítìnnì ń yí, ṣe yí tó. Ẹni tó bá rí 228 àti 256 á sọ pé ojú lásán ti fi èyí tó pẹ́ jù hàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ro kóńgò gàrí lọ́jà. Ìyá kan á bù ú kó ga ṣóńṣó bí òkè, ìyá kejì á fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí kóńgò. Àwọn méjèèjì á sọ pé kóńgò kan ni àwọn tà, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ bá ra mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i nílé pé ẹrù kan ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni digíríì káàmù rí. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí fáàfù bá ti mira díẹ̀, bíi mílímítà 0.1. Àwọn kan ò ní kà á títí fáàfù á fi ṣí tó mílímítà 1. Ní Amẹ́ríkà, ínṣì 0.050 ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn mílímítà 1.27. Káàmù kan náà lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta lórí pépà mẹ́ta.

A de àwo ńlá tí wọ́n fín digíríì 360 sí mọ́ ẹnu kíráńkì, a gbé géèjì aláago lé orí tápẹ́ẹ̀tì, irin tó wà láàárín káàmù àti fáàfù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí táyà, wọ́n ń wò. Láti 1.27 lọ títí tó fi padà sí 1.27, digíríì 228 géérégé. Pépà ò parọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá kà á láti 0.1. Ó di 276.

Wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní, "Ká ní èyí tó wà nínú pépà kejì ńkọ́?" A gbé pépà kejì wá. Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọn ò kà tẹ́lẹ̀: láti 0.1 mílímítà ni wọ́n ti kà 256. Èyí tí wọ́n sá fún pé ó tóbi, òun ló kéré. Èyí tí wọ́n gbé sílé pé ó kéré, káàmù ìdíje ni.

Pípẹ́ ní ṣíṣí nìkan kọ́ ló ń ba tọ́bò kékeré jẹ́. Ohun tó burú jù ni ófáláàpù, ìyẹn àkókò tí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀kùn èéfín jọ wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ ro digíríì afẹ́fẹ́ àti ti èéfín pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ yọ digíríì tó wà láàárín ṣóńṣó káàmù méjèèjì kúrò, ẹ wá sọ èyí tó kù di ìlọ́po méjì. Ti 228 yìí, tí í ṣe 276 ní tòótọ́: 276 àti 276 jẹ́ 552, pín in sí 4 ó di 138. Àlàfo ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ 108, ó ku 30, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 60. Ti pépà kejì: 512, pín in sí 4 ó di 128, àlàfo ṣóńṣó 113, ó ku 15, ófáláàpù rẹ̀ jẹ́ 30. Ìlọ́po méjì gbáko ni wọ́n fi ju ara wọn lọ.

Nínú ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ófáláàpù tó pọ̀ lè wúlò lókè, torí pé èéfín tó ń sáré jáde á máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Tọ́bò yàtọ̀, ó ti dúró sójú ọ̀nà èéfín. Ẹ ro ilé ìdáná tó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan kọjú sí àgbàlá, ọ̀kan kọjú sí yàrá. Bí atẹ́gùn bá ń ti àgbàlá bọ̀ tí ẹ ṣí méjèèjì sílẹ̀, yàrá ni èéfín ń lọ. Mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara mi, nítorí náà mo lu ihò kékeré sí ara páìpù èéfín ṣáájú tọ́bò, mo ra páìpù kọ́pà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, mo ká a bí okùn kí ooru lè dínkù nínú rẹ̀, mo so géèjì mọ́ ẹnu rẹ̀. Ní 5,000 RPM, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń ti wọlé jẹ́ bar 0.6. Èéfín tó ń tì padà láti ẹnu tọ́bò jẹ́ bar 1.1. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí fún digíríì 60, èéfín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́. Inú sílíńdà ló ń padà sí. Afẹ́fẹ́ tútù ò ráyè wọlé, ooru ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ ò lè fà.

Nísàlẹ̀ náà, nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ káàmù yìí ń pẹ́ kó tó pa, digíríì 70 lẹ́yìn tí písítìnnì ti débi ìsàlẹ̀ pátápátá tó sì ti ń gòkè bọ̀. Gbogbo àkókò yẹn, písítìnnì ń ti afẹ́fẹ́ padà síbi tó ti wá. Ibẹ̀ ni kọ̀mpúréṣọ̀n lọ. Kí tọ́bò sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ dáadáa, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní èéfín tó gbóná tó sì pọ̀ láti fún un. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ò rí afẹ́fẹ́ tọ́bò gidi títí di nǹkan bí 3,400 RPM. Ẹni tó ń tẹ̀ lé tírélà gòkè kì í wà ní 3,400.

Ríwáyà àdúgbò wa tó wà níbẹ̀ dá àbá pé ká ra púlì tó ṣeé yí, ká fi tún káàmù náà gbé. Àbá tó dára ni lára ẹ́ńjìnnì mìíràn. Lára èyí, ṣéènì ló so káàmù méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá yí púlì, àwọn méjèèjì á jọ lọ, wọ́n á sì jọ bọ̀. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ lè tètè pa díẹ̀, ìyẹn á ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ófáláàpù 60 á wà ní 60. Inú irin ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí.

Mo sọ èrò ọkàn mi fún ẹ̀gbọ́n láìfi bò. Fún K03, káàmù tí ilé-iṣẹ́ fi sí i gan-an ló dára jù, bí a bá rí tòkunbọ̀ tó mọ́. Wọ́n ní àwọn ti wá a dé Àràrọ̀mí ní Ìbàdàn, ìhò wẹ́wẹ́ ló wà lára gbogbo èyí tí àwọn rí. Wọ́n béèrè bóyá a lè fi 228 sílẹ̀ ká pààrọ̀ tọ́bò sí ńlá, torí wọ́n ní in lọ́kàn lọ́jọ́ iwájú. Mo ní ó ṣeé ṣe: tọ́bò tí ibi èéfín rẹ̀ tóbi ò ní máa ti èéfín padà bẹ́ẹ̀, káàmù yìí á sì wá rí ibi tó ti wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ ó pààrọ̀ tọ́bò, páìpù, nọ́súlù, ẹ ó tún inú bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kọ, ẹ ó pààrọ̀ sípíríǹgì. Mo wí fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, tọ́bò tó wà lára ọkọ̀ lónìí ni ká ra káàmù fún. Èyí tó ṣì wà lọ́kàn yín ò lè fa ọkọ̀ yín dé Ifẹ̀ lọ́la."

Wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. A fẹnu kò sí 256.

Kí wọ́n tó sanwó, mo ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi oníṣòwò náà ní ohun mẹ́ta: láti ibo lẹ ti ka digíríì yìí, mélòó ló wà láàárín ṣóńṣó méjèèjì, ṣé sípíríǹgì ilé-iṣẹ́ lè gbé e. Ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì yìí, ọ̀pọ̀ kì í rò ó. Afẹ́fẹ́ tọ́bò ń ti ẹ̀yìn fáàfù, ó fẹ́ ṣí i nígbà tó yẹ kó pa. Fáàfù afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì yìí fẹ̀ tó mílímítà 27. Bí tọ́bò bá fẹ́ bar 1, bíi kílò 5.8 ló ń ti fáàfù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Sípíríǹgì tó ti rọ̀ á gbà fún un, fáàfù á sì máa jó lórí ìjókòó rẹ̀. A wọn gbogbo sípíríǹgì, mẹ́tàdínlógún dára. Mẹ́ta ti rẹ̀, a pààrọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni káàmù fi dé. A fi àwo àti géèjì wọ̀n ọ́n kó tó wọlé, a ò kàn gba pépà gbọ́. Pépà àti irin bára mu. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pa ní digíríì 57, dípò 70 ti àkọ́kọ́. Tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì tuntun la fi sí i, a ka ẹyọ 16 lẹ́ẹ̀mejì, a fi gíríìsì káàmù pa gbogbo ṣóńṣó.

Ibì kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Tápẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì yìí ń lo ọ́ìlì. Bí ẹ bá ti fi káàmù sí i tán, ọ́ìlì ṣì kún inú wọn, wọ́n ṣì ga, wọ́n ń ti fáàfù sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n lè jókòó. Ẹni tó bá kánjú ta kọ́kọ́rọ́, fáàfù á kan písítìnnì, fáàfù 20 ló sì wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sí àpò. A jókòó, a jẹ àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà yí kíráńkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, mo ń tẹ́tí bóyá nǹkan á kan nǹkan. Kò kan. A wá ta á. Mo gbé e sí 2,000 RPM fún ogún ìṣẹ́jú, n ò jẹ́ kó jókòó ní síló rárá, kí ojú káàmù àti ojú tápẹ́ẹ̀tì lè mọ ara wọn nínú ọ́ìlì tó pọ̀. Ọ́ìlì yẹn la dà nù lọ́jọ́ náà, a da síńtẹ́tíìkì tó ní àmì VW 502 00 sí i.

Mo tún gbé ife omi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi ń mì díẹ̀, kò dà. Fákúùmù di 17, bíréèkì rọ̀ padà. Kọ̀mpúréṣọ̀n wọ bar 10.5 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A fi sìkáànù wo bí bíréènì bọ́ọ̀sì ṣe ń dá epo, ó wà níbi tó yẹ, a ò fọwọ́ kàn án. Tọ́bò ń fẹ́ dáadáa láti nǹkan bí 2,300 RPM. Ti ilé-iṣẹ́ tètè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Lókè, láti 5,000 lọ, ó ń mí jù ti ilé-iṣẹ́ lọ díẹ̀, kó tó di pé K03 náà dé òpin okun rẹ̀. Ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ tọ́bò yìí.

A jọ wà á lọ sí Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn Òṣú, tírélà onísìmẹ́ńtì kan wà níwájú wa, ó ń rá. Ẹ̀gbọ́n dúró títí ọ̀nà fi mọ́, wọ́n fẹsẹ̀ kan tọ́rótù ní gíà kẹta láìyí i padà sí ìkejì. Ọkọ̀ náà gbé orí sókè, ó fà, a kọjá. Wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi rí iná Ifẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló ń wu àwọn padà, ohùn ìgbọ̀nrìrì yẹn tó máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yíjú wò wọ́n ní Máyọ́fíà.

Káàmù 228 náà wà lókè ṣẹ́lífù wa títí dòní, mo fi gíríìsì pa á, mo dì í sínú ọ̀rá, torí wọ́n ní tọ́bò ńlá ṣì ń bọ̀. Mo fi máàkà kọ ọ́ sára ọ̀rá náà gàdàgbà: 276 láti 0.1, 228 láti 1.27, àlàfo 108.